Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí owó séfà já wálẹ̀, ìjọ wa ní Williamsville, ní Abidjan, pa ìwàásù Yorùbá tì, ó di Faransé pátápátá. Àwa ọ̀dọ́ la béèrè fún un. Èmi náà nawọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ìyá àgbà léèrè.

Ìyá ìyá mi wà lára wọn. Ó ti pẹ́ ní Abidjan ju èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ, àmọ́ Faransé rẹ̀ kò kọjá ìkíni àti orúkọ ohun tó ń tà tẹ́lẹ̀ lọ́jà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti kú, àwọn tó kù ti padà sí Nàìjíríà. Nínú àgbàlá wa, Faransé àti Júlà ni gbogbo ayálégbé ń sọ. Wọ́n á ní, "La vieille, bonjour," ìyẹn ìyá arúgbó, ẹ káàárọ̀, wọ́n á sì kọjá. Láti àárọ̀ dalẹ́, orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ni Màmá ń wà. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn.

Ìyá mi wá ní kí n máa jókòó tì í, kí n máa túmọ̀ ìwàásù sí i létí. Mo ṣe é bí ẹni tó ń ru ẹrù ẹlẹ́rù. Pásítọ̀ á sọ̀rọ̀ títí òógùn á fi bò ó, èmi á ní, "Ó ní ká fẹ́ràn ara wa." Màmá á mi orí. Tí iléeṣẹ́ wa ní Yopougon bá sì ń wá ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni mo ń kọ́kọ́ dáhùn.

Ibi tí mo ti ń sá bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ kan, ọmọ Porto-Novo, ti gba àga mi, tó ń túmọ̀ ìwàásù fún Màmá. Ìgbà tí mo padà dé, ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó. Pásítọ̀ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó sùn lọ nínú ìsìn, tó ta jí, tó ké "Àmín!" bí wọ́n ṣe ń kéde pé olè ti gbé bàtà ẹnì kan. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín ti rọlẹ̀ tán ni ti Màmá wá bú jáde, òun nìkan. Ó di èjìká aránṣọ mú, ó ń fi ìborùn nu ojú. Láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Ó dùn mí bí ìgbà tí wọ́n jà mí lólè.

Aránṣọ náà wá di ẹni tó ń tẹ̀ lé wa délé. Iwe adìẹ tó jẹ́ tèmi láti kékeré, inú abọ́ rẹ̀ ni mo rí i. "Ọkọ mi, jẹun dáadáa," ni Màmá wí. Èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹni tí ẹ ò mọ ilé bàbá rẹ̀ lẹ wá ń pè lọ́kọ?"

"Ẹ wo òjòwú! Orogún rẹ ni. Lọ bu omi fún un."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká pín iwe náà," ni aránṣọ wí. Ẹgbẹ́ ni wá, ó ń pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n. Mo ní mo ti yó. Ebi ń pa mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo tètè lọ jókòó sórí àga náà. Màmá dé, ó fọwọ́ kàn mí léjìká: "Dìde, ọkọ mi ń bọ̀." Mo dìde lójú gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí aránṣọ rí ṣọ́ọ̀bù sí Marcory lódìkejì ọ̀sà, tó ń kó lọ, èmi ni mo bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sínú takisí. Ẹ̀rín ń pa mí nínú. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí takisí fi yà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pinnu pé màá ju aránṣọ lọ. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀, títí dórí ìkéde. Ibi tí Yorùbá mi kò bá dé, mo ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹnu mi gbẹ. Màmá yíjú, ó wò mí pẹ́.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n sọ tó báyìí tẹ́lẹ̀?"

Bí mo ṣe ń wá èsì tí màá fún un ni gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Màmá mì mí lórúnkún. "Kí ló sọ? Kí ló sọ?"

Mi ò gbọ́ ohun tí pásítọ̀ sọ. Aránṣọ yẹn ì bá ti gbọ́.

Màmá wá kọjú síwájú, ó ń wo ẹnu pásítọ̀.