Òwú Pupa Lọ́rùn Ìgò Ẹ̀jẹ̀

Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ti dé Èkó. Ode-Irele ni mo ti bá a, nínú fíríìjì tí kò tutù.

Ìyá mi ń fún epo pupa ní Iyansan. Ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí ẹ̀rù àrùn kòrónà ti ń kúrò lára èèyàn, àwọn olùwádìí wá gba ẹ̀jẹ̀ ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi oníròyìn ni mo ní kó lọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan lára wọn gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Ó ní kọ̀ǹpútà náà ti mú àwọn ibì kan lára kòkòrò kòrónà tó rò pé àwọn ọmọ ogun ara wa lè dá mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun.

“Ṣé ó ti rí i ni?” ìyá mi bi í.

“Rárá, Ìyá. Ó kàn fojú bù ú ni. Ẹ̀jẹ̀ yín tó ti bá àrùn náà jà rí ló máa sọ bóyá òótọ́ ni.”

“Áà! Ẹ dúró nísàlẹ̀ ọ̀pẹ, ẹ ń tọ́ka sí ẹyìn tó pọ́n. Ẹ wá ní kí èmi gùn ún.”

Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi gbà kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun, ṣùgbọ́n ó yọ fọ́nrán òwú pupa kan létí ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ ọrùn ìgò tí wọ́n fà á sí. Bẹ́ẹ̀ ló ń sàmì sí kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ kí wọ́n má baà pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, èsì kò dé. Mo pe ọ̀gá àwọn olùwádìí náà.

“Ó ti wà ní yàrá àyẹ̀wò ní Èkó. Wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ìyá mi ń gbọ́. “Ó tètè dáhùn jù. Ìwọ lo ní kí n lọ; lọ wá a fún mi.”

Mo gun ọ̀kadà lọ sí yàrá tí àwọn olùwádìí náà gbà fún iṣẹ́ wọn ní Ode-Irele. Mo ní kí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fún mi lómi tútù.

“Omi tútù kẹ̀? Kò síná láti ìjẹta.”

Ó ṣí fíríìjì fi hàn mí. Òwú pupa ni mo kọ́kọ́ rí.

Mo tún pe ọ̀gá náà, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní mọ́tò tó yẹ kó gbé e lọ Èkó ló bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn kò sì wúlò mọ́. Àwọn á padà wá gba òmíràn lọ́jọ́bọ̀.

Mo ní ìyá mi kò ní jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun mọ́, àfi tí òun bá tẹ̀lé ìgò òun dé ibi tó ń lọ.

Ọ̀gá náà gbà. Ó ní kí ìyá mi múra sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ náà, àyè ẹnì kan wà nínú mọ́tò.