Ọbẹ Méjì Ọláníyì Afíngbá

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ nípa Ọláníyì afíngbá ni pé kì í jókòó láìjókòó lé ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìbáà jẹ́ orí àpótí, ìbáà jẹ́ orí ẹní, ìbáà jẹ́ orí gbòǹgbò igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà lẹ́nu abà wọn lọ́nà Olódò, yóò kọ́kọ́ tẹ́ ọwọ́ òsì sílẹ̀, yóò sì rọra gbé ìdí lé e bí adìẹ tó ń sàba. Àwọn ará abà ti rí i títí ó ti sú wọn. Àwọn kan ní àìsàn ni. Àwọn kan ní bóyá ilẹ̀ ló ń tutù sí i lára. Òun náà kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ òsì náà kò ṣeé fi sílẹ̀ láìṣọ́. Láti kékeré ló ti máa ń sáré ṣáájú. Bí àgbà bá ní kó wá gba obì, òsì á ti débẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, òsì á ti wà nínú abọ́. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ náà, ó na án débi pé ọwọ́ ọ̀tún, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ń fara pamọ́. Nígbà tí Ọláníyì fi dàgbà, ó ti mọ bí a ṣe ń fi ọ̀tún kí èèyàn, bí a ṣe ń fi í gba nǹkan, bí a ṣe ń fi í jẹun. Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀tún náà kò gbọ́ bó ti ń jẹ́: iṣẹ́.

Igbá ni Ọláníyì ń fín. Á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á gbé igbá lé itan, á fi ọbẹ sí ọwọ́ òsì, ó di pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wọlé. Ojú rẹ̀ mọ ohun tó dára. Ọwọ́ náà sì mọ̀ ọ́n. Ọbẹ ni kò mọ̀ ọ́n. Ọbẹ ìfíngbá tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ kejì á tẹ́ pẹrẹsẹ kí ó lè fara ti ilà tí èèyàn ń fà. Ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún sì ni wọ́n ń pọ́n. Bí Ọláníyì bá fi òsì mú un, ọbẹ náà á máa yà kúrò lójú ilà bí ewúrẹ́ tó rí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Á fẹ́ fín alángbá, yóò di ọ̀nì. Á fẹ́ fín ẹyẹ, ohun tó bá jáde á ní etí. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń di igbá mú, àpá ara rẹ̀ pọ̀ ju ilà ojú rẹ̀ lọ. Igbá rẹ̀ ń tà ṣá o. Àwọn tó ń sin adìẹ ló ń rà á fún omi adìẹ. Kò sí adìẹ kan tó ráhùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọládòṣù, tó ń dá oko iṣu nítòsí ibẹ̀, ti wò ó títí.

"Ọláníyì," ló wí lọ́jọ́ kan, "bí iṣu tuntun bá fi jáde tí igbá ò tíì bọ́ ọ, wàá wá bá mi kọ ebè. Mo ti ra ọkọ́ sílẹ̀ fún ọ."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n."

"Ọkọ́ tó dáa ni."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ọláníyì kò kórìíra ebè. Ṣùgbọ́n Ọládòṣù a máa sọ̀rọ̀ bó bá ń kọ ọ́, igba ebè lójúmọ́, ìtàn kan náà sì ni: bí wọ́n ṣe jí òbúkọ rẹ̀ gbé ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Èyí ṣì ṣeé fara dà. Èyí tí kò ṣeé fara dà ni pé ọwọ́ òun yóò le nídìí ọkọ́, bó bá sì ti le, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ti parí nìyẹn. Iṣu sì ti ń ta lókè ebè.

Ẹyin adìẹ ni Mùsílímátù wá rà ní abà náà. Obìnrin tó ń ta igbá fínfín ní Olódò ni, ó sì ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ gbé níyàwó. Bó ti ń ka ẹyin lọ́wọ́ ló rí adìẹ tó ń mu omi. Ó lé adìẹ náà kúrò, ó da omi nù, ó lóṣòó, ó sì ń yí igbá náà wò.

"Ta ló fín èyí?"

Wọ́n fi Ọláníyì hàn án. Ọláníyì dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó jókòó lé ọwọ́.

"Ẹyẹ lo fẹ́ fín síbí?"

"Ẹyẹ ni, ìyá."

"Mo rí i pé ẹyẹ lo fẹ́ fín. Ojú rẹ dáa. Ọbẹ rẹ ni kò gbọ́ràn." Ó gbé igbá náà padà síwájú adìẹ. "N ó fi igbá mẹ́fà pẹ̀lú ọmọrí wọn ránṣẹ́ sí ọ, ti ìgbéyàwó ọmọ mi. N ó padà wá ní ọrún mẹ́fà sí òní, ọjọ́ ọjà kẹfà nìyẹn. Bó bá dáa, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó ti máa gba gbogbo igbá tí mo ń tà. Bí kò bá dáa, adìẹ ṣì wà. Ṣùgbọ́n lọ bá bàbá ará Ìjàyè tó wà lẹ́yìn ọjà wa kó rọ ọbẹ tìrẹ fún ọ."

Ajíbádé ni orúkọ bàbá náà, alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tí ogun tú Ìjàyè, ohun tó rù jáde kò ju owú kan àti ẹ̀mú méjì lọ. Ó ní aṣọ wà níbẹ̀ tí òun lè rù, àmọ́ aṣọ kò ṣeé fi lu irin. Lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ ogun ti wá bá a láti Ìbàdàn pé kó wá máa rọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ fún ọ̀gá àwọn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ló dá wọn lóhùn pé apá ń dun òun. Apá náà kì í dùn ún bó bá jẹ́ ọbẹ ló ń rọ. Ọbẹ kan lọ́rún kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní rọ ọ́ fún ẹni tí kò bá tíì bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ọláníyì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń bi í léèrè bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ.

"Kí lo fẹ́ máa fi gé?"

"Igbá ni, bàbá."

"Tútù àbí gbígbẹ?"

"Gbígbẹ."

"Ṣé o máa ń bínú?"

"Sí ta, bàbá?"

"Sí igbá."

Ọláníyì ronú sí i. "Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Èèkù rẹ̀ á sanra díẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bínú, ẹ máa ń fún ọbẹ lọ́rùn." Ó gbá amọ̀ tútù jọ, ó pọ́n ọn bí ẹ̀kọ. "Gbé ọwọ́ wá kí n wọ̀n ọ́n."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yí. Àgbà ló ní kí ó na ọwọ́. Ọláníyì wà lórí àpótí, òsì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ rò ó: ọ̀tún ló jáde, tí ó mọ́, tí ó gbẹ̀kọ́, tí ó di amọ̀ náà mú. Ìgbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ipa ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni Ọláníyì tó rántí pé ọwọ́ tó ń kí èèyàn ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́. Ó la ẹnu. Bàbá náà sì ń fara balẹ̀ débi tí ó fi dà bíi pé àfojúdi ni láti dá a dúró.

"Ọwọ́ yìí rọ̀ púpọ̀ fún ọwọ́ oníṣẹ́," ni Ajíbádé wí, "àfi àtàǹpàkò. Kí ló ń gé àtàǹpàkò?"

"Ọbẹ ni, bàbá."

"Ọwọ́ tó di ọbẹ mú náà ni ọbẹ ń gé?"

"Ọbẹ ọjà ni."

Ajíbádé mi orí. Ó ti gbọ́ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọbẹ ọjà. Ọláníyì pa ẹnu dé, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá," ó sì san ẹrù iṣu kan àti àkùkọ kan.

Ọrún kan pé, ọbẹ dé. Igi àyàn ni èèkù rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán. Irin rẹ̀ kéré, ó tinrin, ẹnu rẹ̀ rí bí ewé ìrèké. Bí Ọláníyì ṣe gbé e sí ọ̀tún, ọbẹ náà sùn síbẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ìṣòro tó kù ni pé ọ̀tún náà sùn pẹ̀lú rẹ̀. Nílé, Ọláníyì ti ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀tún gbìyànjú fún odindi ọrún kan. Ó rò pé bó bá fi ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n á bá a lọ́nà. Ilà tó fà sára igbá àkọ́kọ́ dà bí ọ̀nà tí ẹni tó mutí gbà délé. Ó fi òsì mú ọbẹ náà. Ọbẹ náà kò gbà rárá, nítorí ó mọ ọlọ́wọ́ rẹ̀ ju ọbẹ ọjà lọ. Igbá kan bàjẹ́, ọrún mẹ́rin ló kù.

Ó padà sí Olódò. Ó ní ọbẹ náà ń ṣe òun bákan. Ajíbádé fún un ní àfọ́ igbá, ó ní, "Fín in kí n rí i." Ọláníyì fi ọ̀tún fín in. Bàbá náà wo àfọ́ igbá, ó wo ọwọ́, ó wo àpótí.

"Èkejì dà?"

"Ó wà nílẹ̀, bàbá."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

Ọláníyì dìde díẹ̀. Òsì jáde, ìka rẹ̀ ti le ní ẹ̀gbẹ́, ó dúdú níbi tí ọbẹ ń sinmi lé, ọwọ́ oníṣẹ́ pọ́ńbélé.

Ajíbádé gbé àfọ́ igbá náà kalẹ̀. "Mo bi ọ́ bóyá o máa ń bínú, o sọ fún mi. Mo bi ọ́ nípa àtàǹpàkò, o purọ́ mọ́ ọbẹ ọjà. Èyí tó yẹ kí o sọ, o gbé ìdí lé e."

"Mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, bàbá."

"Ọ̀wọ̀ yẹn ti jẹ mí ní èédú ọrún kan. Gbé e wá."

Òsì náà dìde, ó dé agbedeméjì, ó dúró. "Bàbá, mi ò lè na òsì sí yín."

Kò fi ṣeré. Ajíbádé náà kò rẹ́rìn-ín. Ìyá ló bí òun náà. Kò sì ní fẹ́ kí wọ́n rí òun tí òun ń gba òsì lọ́wọ́ ọmọkọ́mọ ní ilé àgbẹ̀dẹ tí gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó po amọ̀ mìíràn. Ó yí àpótí rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí Ọláníyì, ó sì na amọ̀ náà sẹ́yìn.

"Mi ò rí ọ," ló wí. "Ìwọ náà ò rí mi. Dì í mú."

Ọláníyì fi òsì dì í mú.

"Fún un. Rò ó pé igbá ló ṣẹ̀ ọ́."

Obìnrin kan tó ru ẹ̀fọ́ ń kọjá, ó kí wọn, ó wò wọ́n, ó sì bá tirẹ̀ lọ láìbèèrè nǹkan kan.

Ajíbádé kò gba iṣu nítorí ọbẹ kejì. Igbá tí ọ̀tún bà jẹ́ ló ní kí Ọláníyì gbé wá fún òun; ó ní bí iṣẹ́ òun bá ń sú òun, òun á máa wò ó. Ọláníyì sì yọ igbá mìíràn láti àjà rẹ̀ fi dí i.

Ní ọrún tó tẹ̀lé e, ó fi ọbẹ kejì fa ilà àkọ́kọ́. Ọbẹ náà kò yà. Ó tún fa òmíràn, ó dúró, ó wo ilẹ̀kùn bóyá ẹnìkan ń bẹ níbẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ àti ohun tó wà lára igbá ti di ohun kan náà, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ẹyẹ jáde, kò létí. Alángbá jáde, alángbá náà ló jẹ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún jinná. Nígbà tó fi máa fín igbá kẹrin, ó ṣàkíyèsí pé òun kò tíì bínú láti àárọ̀. Èèkù tó sanra náà kàn wà níbẹ̀ lásán ni, bí ẹni tí wọ́n pè wá parí ìjà tó bá àwọn oníjà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ pé. Mùsílímátù dé. Ọládòṣù náà dé lọ́jọ́ kan náà, iṣu tuntun lórí, ọkọ́ tuntun léjìká.

Mùsílímátù yí igbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò, inú wọn àti ẹ̀yìn wọn. "Ilà rẹ̀ ń wọ́ sápá kan," ló wí, "bí òjò tí atẹ́gùn ń gbá."

"Ṣé kò dáa ni, ìyá?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀. Mo ní mi ò rí irú rẹ̀ rí." Ó gbé ọmọrí kan sókè. "Ta ló bá ọ fín in?"

"Èmi náà fẹ́ bi í," ni Ọládòṣù wí, ó sì gbé ọkọ́ sọ̀kalẹ̀. "Èmi mọ igbá àbúrò mi. Adìẹ mi ń mu nínú rẹ̀."

"Èmi ni mo fín in, ìyá."

"Ó dáa. Fi ẹyẹ kan sí ẹnu ọmọrí yìí fún mi, kékeré. N ó dúró."

Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Ọláníyì wo ọkọ́. Ó wo igbá. Bó bá fi ọ̀tún fín in, wọ́n á ní ẹlòmíràn ló fín ìyókù. Bó bá mú òsì jáde níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ìyá tó bá a ṣe ọjà, ìyá tirẹ̀ yóò gbọ́ níbi tó bá wà. Ó dìde, ó yí àpótí rẹ̀ padà.

"Ẹ dákun, ẹ má bínú," ló wí. "N ó kẹ̀yìn sí yín díẹ̀."

Wọ́n gbọ́ ìró ọbẹ lára igbá, tẹ́ẹ́rẹ́, kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó yí padà, ẹyẹ wà lẹ́nu ọmọrí, ó fẹ́ fò, ọwọ́ òsì sì ti wà lábẹ́ ìdí Ọláníyì. Mùsílímátù wo ẹyẹ. Ó wo ìdí àpótí fún ìgbà pípẹ́.

"Mo ní igbá méjìlá mìíràn nílé," ló wí. "N ó kó o wá lọ́rún tó ń bọ̀." Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Ọládòṣù gbé ọkọ́ padà séjìká. Kí ó má bàa lọ lọ́wọ́ òfo, ó gba ọbẹ àkọ́kọ́, èyí tó bá ọ̀tún mu. Òun ló fi ń gé iṣu títí di ọjọ́ ogbó, ó sì ń sọ fáwọn èèyàn pé alágbẹ̀dẹ ará Ìjàyè fi ọwọ́ òun wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí ọjọ́ náà. "O kẹ̀yìn sí mi," ló ń wí. "Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ. Níwájú àlejò." Ó sọ ọ́ lórí ebè, ó sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtàn òbúkọ mọ́. Ọláníyì tọrọ àforíjì lọ́dọọdún, ó ń fi ọ̀tún gbé igbá ńlá kan fún un, èyí tó fi òsì fín, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, ẹ bá wa dá a: nínú kí èèyàn na ọwọ́ òsì sí àgbà àti kí ó kẹ̀yìn sí i, èwo gan-an ni àfojúdi?