Imọ̀ ọ̀pẹ abẹ́ wáípà

"Ìwọ lo tún da omi sínú mọ́tò mi."

Mummy ló pariwo ẹ̀ mọ́ mi lójú títì Rye Lane nílùú ọba níbí lónìí.

Mo ní, "Mummy, òjò ni."

"Mọ́tò tí wòlíì gbàdúrà sí? Gbẹ́nu ẹ dákẹ́."

Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo wá ibi tí omi ń gbà wọlé títí dé abẹ́ wáípà. Imọ̀ ọ̀pẹ ṣọ́ọ̀ṣì tí Mummy há síbẹ̀ fún ààbò ti jẹrà, ó dí ihò tí omi òjò ń gbà jáde, ni omi bá ń yà sínú mọ́tò.

Mo yọ ọ́, omi ṣàn lọ.

Tí mo bá sọ, mo di ọ̀tá Ọlọ́run. Tí mi ò bá sọ, èmi ni mo da omi. Ó ti sú mi.

Ṣé ẹ̀yin máa sọ?

Èmi ti jù ú sí bíìnì. Mummy ò ní gbọ́ láéláé.