Ibi Tí Mo Lẹ̀ Lára Aṣọ Tábìlì

Etí ẹ̀wù akọrin kan ni mo ń ṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin mi wọlé, tó ní kí n gbé abẹ́rẹ́, òwú àti áyọ́ọ̀nù, kí n tẹ̀lé òun. Aṣọ tábìlì síńúkà tó fi ń ṣiṣẹ́ ti ya. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, níbí ní ìlú Oǹdó, ra tábìlì ńlá yẹn ní àlòkù lọ́wọ́ kíláàbù kan tó kógbá sílé, kò sì ní ra aṣọ tuntun sí i. Ọmọ mi ti torí síńúkà fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kò níbòmíràn tó lè lọ.

Aṣọ náà ya tó gígùn ìka kan, nítòsí ihò àárín. Mo gé lára aṣọ yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, mo lẹ̀ ẹ́, mo fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín rán an. Lẹ́yìn náà mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ gbogbo orí tábìlì, mo ń fà á lọ, mo ń fà á bọ̀, títí ó fi tẹ́jú. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà. Ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù funfun wò. Ó ní ó ń falẹ̀ díẹ̀, pé òun á máa fi agbára kún un.

Ọdún mẹ́ta ló fi ń fi agbára kún un. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan sọ fún un lójú mi pé, "Ìyàwó, ọmọorógùn ló yẹ ọwọ́ yẹn, kì í ṣe ọ̀pá síńúkà."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi ro yín ná, bọ̀ọ̀dá," lọmọ mi fi dá a lóhùn. Ó nà án nídìí síńúkà lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ti Ilé-Olújì wá bá a gbá a máa ń fìdí rẹmi kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń sanwó oṣù fún un. Èmi ni mo rán orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì tó ń wọ̀.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ pé kíláàbù kan ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, fẹ́ mú obìnrin kan tí wọn yóò máa rán lọ síbi ìdíje káàkiri. Ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń wá. Oṣù tó tẹ̀ lé e lọmọ mi máa pé e. Mo tẹ̀lé e lọ, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Aṣọ tábìlì tiwọn ń dán, bọ́ọ̀lù sì ń sáré lórí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù pupa tó kọ́kọ́ gbá wọ ihò, ṣùgbọ́n funfun náà tẹ̀lé e wọlé. Ó dín agbára kù. Ó ṣì pọ̀ jù. Ó tún dín in kù, bọ́ọ̀lù kò dé ibi tó rán an. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti nà án jáde.

Ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ará kíláàbù náà wá bá mi. "Màmá, ojú ọmọ yín mú. Ọwọ́ ẹ̀ ló ti wúwo jù. Orí tábìlì wo ló ti kọ́ ọ?"

Mo ní Oǹdó ni.

"Wọ́n ti ba aṣọ ibẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ó jọ pé ẹnì kan ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ lọ-bọ̀. Apá kan ṣoṣo la máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irun aṣọ á dìde, bọ́ọ̀lù á máa falẹ̀."

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ránṣọ. Mo mọ̀ pé apá kan là ń tẹ aṣọ onírun bí àrán sí. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí.

Nínú ọkọ̀, ọmọ mi gbé orí ti gíláàsì. Mo fẹ́ sọ fún un. A dé Oǹdó, mi ò tíì sọ ọ́. Títí di òní, mi ò tíì sọ ọ́. Ní ọjọ́ Ajé ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìrọ̀lẹ́ ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹfun tí wọ́n fi ń kun orí ọ̀pá síńúkà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmi, ibi tẹ́ ẹ lẹ̀ yẹn ti ń tú. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù yín dání tẹ́ ẹ bá ń bọ̀."