Ọjọ́ Tí Iná Kò Sí

Mo kọ òfin kan fún kọ̀ǹpútà mi nílé wa l'Ọ̀yẹ́: tí iye owó ìpín ìdókòwò kan bá ju ti àná lọ, kó rà á, tó bá wálẹ̀, kó tà á. Kí n tó fowó sí i, mo fi iye owó àwọn ọdún tó kọjá dán an wò. Èrè rẹ̀ ò tó nǹkan, inú sì bí mi.

Ìyàwó mi, tó ń ṣe tíṣà n'Ífàkì, yọjú wò ó. Ó ní, "Dádì, lọ́jọ́ tí kò bá síná ńkọ́?"

Ládùúgbò wa, tí iná bá wà lónìí, kì í wà lọ́la. Mo fi ìbínú kọ ọ́ sínú òfin náà pé kó má ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ tí kò bá síná, mo sì tún dán an wò. Èrè lé sí i! Ìwàǹwára ló ti ń bà á jẹ́: bó ṣe ń rà ló ń tà, alágbàtà sì ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀.

Mo ti fowó sí i báyìí, ọkàn mi sì balẹ̀. Lánàá, iná dé lọ́jọ́ tí kì í ṣe tiwa. Gbogbo àdúgbò hó yèè. Èmi nìkan ni mo sáré lọ pa kọ̀ǹpútà.