Ohun tí Lamduan Gbọ́ ní Yàrá Kejì

Ọwọ́ Lamduan tutù lára èèyàn. Bí ọrùn ẹni bá gan, kí ó tó wọ́ ọ tán, oorun á ti gbé onítọ̀hún lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ lábúlé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ já òun àti ọmọbìnrin wọn jù sílẹ̀, ó gbé iṣẹ́ náà wá sí ìlú Udon, sí ilé masáàjì Ìyá Pranom. Èmi ni mò ń fọ táwẹ̀lì wọn. Ògiri kan ló pààlà èmi pẹ̀lú wọn.

Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọrùn gígan kọ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọkùnrin wá síbẹ̀. Ìyá Pranom kì í là á mọ́lẹ̀. Á kàn ní, "Ohun tí oníbàárà bá fẹ́ ni kí o ṣe. Má sáà ti wá ròyìn fún mi." Oṣù mẹ́ta ni Lamduan fi kọ̀. Àwọn obìnrin yòókù níbẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ yà fún ìyá àlùfáà o!" Àwọn oníbàárà ò béèrè rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ó gbà. Láti ọjọ́ náà, bó bá kó táwẹ̀lì wá, ilẹ̀ ló ń wò.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń mú un rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni Wandi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó máa ń jí oúnjẹ rẹ̀ jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbẹ́pẹ aláta yín yìí fẹ́ pa mí o!"

"Ta ló ní kó o jí i? Ata ò mojú olè."

Òfin kan wà nílé náà: bí ilẹ̀kùn bá ti tì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Wandi wọ yàrá kejì pẹ̀lú ọkùnrin kan. Lamduan ń ká aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ tí Wandi ń sọ pé, "Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ lo rọ́bà." Nǹkan kan sì gbá ògiri. Wandi wá kígbe pé, "Ẹ̀gbọ́n!"

Lamduan di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó ro ti ọlọ́pàá, ó ro ti àwòrán rẹ̀ tí yóò tàn ká orí fóònù àwọn ará abúlé, ó ro ti ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn náà.

Ọkùnrin náà jáde, ó kí Ìyá Pranom, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Egungun àgbọ̀n Wandi ti kán.

"Ẹ sọ pé orí àtẹ̀gùn ló ti ṣubú," ni Ìyá Pranom wí. Ohun tí Lamduan sì sọ nílé ìwòsàn nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì wo ọrùn Wandi. "Àtẹ̀gùn tó ní ìka márùn-ún?"

Wandi ò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo Lamduan.

Lamduan bá mi nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́jọ́ kejì. "Ó pè mí. Mo gbọ́." Mi ò lè sọ fún un pé èmi náà gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Ọlọ́pàá béèrè pé, "Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Masáàjì ni, ọ̀gá."

"Masáàjì nìkan?"

"Rárá, ọ̀gá. Kì í ṣe òun nìkan."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, ó rò ó délẹ̀, títí dé orí nọ́ńbà mọ́tò ọkùnrin náà.

Wọ́n mú ọkùnrin náà. Wọ́n ti ilé masáàjì pa, wọ́n sì ti Lamduan mọ́lé fún ọjọ́ méjì. Kó tó padà dé abúlé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò bi í ní nǹkan kan. Ó bu ìrẹsì fún un, ó sì kọjú síbòmíràn.

Nígbà tí àgbọ̀n Wandi san, Lamduan gbé oúnjẹ lọ kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ náà?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ ṣé tí ẹ ò parọ́ fún mi," ni Wandi wí. Ó gba oúnjẹ náà, àmọ́ kò sọ pé kí Lamduan wọlé.