Ahọ́n Àpínkẹ́ àti Ọṣẹ Georgina

Wọ́n ní Àpínkẹ́ sin orúkọ Georgina sábẹ́ ààrò ọṣẹ rẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àwọn oníbàárà Georgina fi ń bó. Èmi ìyá ìjọ, tí mò ń gbààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mo gbà á gbọ́ dé ìdajì. Ìdajì yòókù, mo fi í lé Olúwa lọ́wọ́.

Lọ́dún 1983, ọṣẹ ilé iṣẹ́ ti di ìtàn ní Kùmásí, nílẹ̀ Ghana. Ní Krofrom, àdúgbò wa, Àpínkẹ́ ló ń sè tiwa. Ó jáde ìwé mẹ́wàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ló dì mú: a jó èèpo kòkó, a sẹ́ omi eérú rẹ̀, a fi se àdín títí yóò fi ki. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kì í sì í gbàgbé ọ̀rọ̀.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Georgina ti kọ́ṣẹ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Georgina, ìyá rẹ̀ ọmọ Àṣáńtì. Nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana padà wálé, tí ojú korò sí àwa Yorùbá ibẹ̀, Georgina rántí ìdílé ìyá rẹ̀. Ó ní ọṣẹ àjèjì ni ti Àpínkẹ́, ọṣẹ inú igbó. Ó gbé pátákó síta pé saponifikéṣọ̀n ni òun fi ṣe tòun.

Ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo wa kọ́ ọ nílé ìwé: epo pàdé omi eérú tàbí sódà, wọ́n sì di ọṣẹ. Kò sí ọṣẹ tí kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó kọ ọ́ sí pátákó dà bí olóúnjẹ tó ń kéde pé gígún ni wọ́n gún iyán òun. Síbẹ̀ àwọn èèyàn yà lọ síbẹ̀. Ààrò Àpínkẹ́ tutù.

Georgina pa eérú tì, kọ́sítíìkì sódà ló ń lò, kì í sì í pẹ́ tí ọṣẹ bá kúrò lórí iná tó fi ń gé e tà. Àwọn ọlọ́ṣẹ máa ń fi ahọ́n tọ́ ọṣẹ wò. Bó bá ta ahọ́n, kò tíì tó gé. Georgina ní ìwà ará oko nìyẹn. Àpínkẹ́ lọ kí i lọ́jọ́ kan, ó tọ́ díẹ̀ lá, ó ní, "Ó dára, ó funfun," ó sì rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Nígbà tí ọwọ́ ìyàwó pásítọ̀ wa pàápàá bó, mo pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ mi.

"Àpínkẹ́, kí lo sin sábẹ́ ààrò?"

"Mọ́mì, eérú ni. Ẹ wá gbẹ́ ẹ, ẹ ó bá mi kó o dànù."

"Kí ló wá ń bó wọn lọ́wọ́?"

"Sódà. Bí saponifikéṣọ̀n bá parí, epo ò sí mọ́, sódà ò sí mọ́, ọṣẹ ló kù. Tirẹ̀ ò parí. Sódà ṣì ń wá epo kiri. Ó dé ọwọ́ yín, ó bá ọ̀rá níbẹ̀."

Georgina fò dìde. "Ọjọ́ tí o tọ́ ọ wò, o mọ̀?"

"Ó ta mí láhọ́n dé etí."

"O sì ní ó dára!"

"Ta ni èmi ọlọ́ṣẹ igbó, tí màá bá saponifikéṣọ̀n wí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo sọ ọ́ di ikọ́.

Georgina kúnlẹ̀ fún Àpínkẹ́. "Sísítà mi, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́. Ọṣẹ kún yàrá mi, gbogbo ohun tí mo ní ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé a lè fi àdín kún un ká tún un sè. Báwo ni màá ṣe mọ ìwọ̀n rẹ̀?"

"Bi pátákó rẹ."

"Àpínkẹ́," ni mo wí, "Olúwa ní tòun ni ẹ̀san."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Mi ò gbà á lọ́wọ́ Rẹ̀. Mo kàn dákẹ́ ni. Ẹ sọ ọṣẹ padà di àdín, màá tún padà di ọ̀rẹ́ rẹ̀."

"Ìkà!" Georgina ń sunkún. "Àwọn tí ọwọ́ wọn bó, kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

Àpínkẹ́ wo ọwọ́ tèmi, tí awọ rẹ̀ ń ṣí ní àtàǹpàkò.

"Wọ́n rà á," ló wí.

Mo ṣì ń ṣí Bíbélì láti wá ẹsẹ míì, Georgina ṣì ń pariwo, nígbà tí Àpínkẹ́ ti bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tó wọ bàtà rẹ̀, tó sì lọ.